Ubuntu àbí Mint? Láptọ́ọ̀pù RAM 4GB, iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yorùbá

Atẹ̀wé Sápọ́n:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì ni mo ní l'Abẹ́òkúta. Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà: RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 4GB, hard disk àtijọ́, kì í ṣe SSD tó yára. Windows 10 ló wà nínú ẹ̀. Látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ẹ̀ dúró ní October 14, 2025 ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì tó Windows 11 í gbé.

Ètò ìsìnkú, ètò ìgbéyàwó àti ìbéèrè ìdánwò ni mò ń tẹ̀ jù, Yorùbá sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ tẹ orúkọ olóògbé láìfàmì sí i, kẹ́ ẹ wá wo ojú àkọ́bí ẹ̀!

Àbúrò mi ní kí n bọ́ sórí Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Mo wo àwọn ẹ̀yà ẹ̀ títí, ojú mi pòòyì: Ubuntu 24.04, Ubuntu 25.10, Lubuntu, Mint Cinnamon, Mint MATE, Mint Xfce. Èwo lèwo? Dátà ti wọ́n, mi ò lè máa dáńlóòdù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Fláàṣì:
Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi 25.10 sílẹ̀. Ọdún àti oṣù tó jáde ni nọ́ńbà yẹn, kò ní kó dára ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ń tún irú ẹ̀ ṣe, tó bá ti pé, àfi kẹ́ ẹ tún ra dátà. LTS, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, lẹ máa wá. Ọdún méjì méjì ló ń jáde, ní April. Wọ́n á máa fún 24.04 ní àtúnṣe ààbò fún ọdún márùn-ún, ìyẹn títí di 2029.

Àmọ́ Ubuntu fúnra ẹ̀, GNOME ló ń lò fún ojú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ń rí, GNOME sì wúwo. Á ṣí lórí 4GB o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣí Firefox tẹ́ ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì àti LibreOffice tẹ́ ẹ máa fi tẹ̀wé bíi Word pọ̀, hard disk yín á máa kérora, ẹ̀yin náà á máa kérora. Fáìlì tẹ́ ẹ máa dáńlóòdù gan-an ju 5GB lọ. Ti Mint Xfce, bí ìdajì ẹ̀ ni.

Mint 22 orí Ubuntu 24.04 ló jókòó sí, òun náà á gba àtúnṣe dé 2029. Cinnamon, MATE, Xfce, ẹnì kan náà ló wọ aṣọ mẹ́ta. Xfce ni tiyín.

Ọmọ Lubuntu:
Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà máa ń fo Lubuntu! Ó fúyẹ́ ju Xfce lọ.

Bàbá Fláàṣì:
Ó fúyẹ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú Lubuntu LTS. April 2027 ni 24.04 ẹ̀ parí. Ẹni tó ń ṣọ́ owó dátà, ṣé ẹ fẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2027 ni?

Olùkọ́ Èdè:
Ọ̀rọ̀ àmì ló kàn mí. Ẹ lọ síbi Keyboard, ẹ yan Nigeria, ẹ ó rí Yoruba lábẹ́ ẹ̀, kò sí dáńlóòdù kankan. Lẹ́tà alámì tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣe é nínú LibreOffice: ẹ tẹ lẹ́tà náà, ẹ kọ U+0301 tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá tẹ Alt àti X pọ̀. Àmì ohùn òkè á bọ́ sórí ẹ̀, U+0300 sì ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó orúkọ tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lemọ́lemọ́ sínú AutoCorrect, kó lè máa fàmì sí i fúnra ẹ̀. Fọ́ǹtì DejaVu ni mo máa ń lò, àmì ẹ̀ kì í ṣí kúrò lórí lẹ́tà.

Atẹ̀wé Sápọ́n:
Ẹ ṣé gan-an. Mint Xfce náà ni. Tó bá wá kọ̀ láti bá printer mi sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Bàbá Fláàṣì:
Ẹ má tíì fọwọ́ kan Windows. Ẹ fi Rufus, ètò kékeré kan lórí Windows, kọ Mint sórí fláàṣì 8GB, kẹ́ ẹ ti inú fláàṣì yẹn ṣí i. Á lọ́ra díẹ̀. Ẹ so printer mọ́ ọn, ẹ tẹ ojú ìwé kan jáde, ẹ dán Wi-Fi wò. Tí gbogbo ẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ kó fáìlì àwọn oníbàárà yín sórí dísìkì mìíràn kẹ́ ẹ tó tẹ Install.