Ṣé sàtífíkéètì lè fi hàn pé èèyàn mọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ṣe?

Ọmọ Kabba:
Òkun o ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì níbí, mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣe ti hòtẹ́ẹ̀lì, èmi ni mo kọ́ ara mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá iléèwé kan pè mí, wọ́n wo iṣẹ́ mi, wọ́n ní ó wù wọ́n, àfìgbà tí wọ́n bèèrè sàtífíkéètì tí mo ní mi ò ní, bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn, wọ́n gbé e fún ẹni tó ní mẹ́ta. Ó dùn mí o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé yẹn lè sọ ohun tọ́wọ́ èèyàn lè ṣe?

Isanlu_Kóòdù:
Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀dá mi. Sàtífíkéètì tí ìdánwò ẹ̀ ò ju kéèyàn mú A tàbí B lọ, ẹni tó bá há ìwé sórí á yege. Àmọ́ gbogbo wọn kọ́. Nígbà tí mo ṣe ti freeCodeCamp, ìyẹn iléèwé kóòdù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ márùn-ún ni mo fọwọ́ ara mi kọ kóòdù ẹ̀ kí wọ́n tó fún mi, ojú mi rí màbo.

Àǹtí Mopa:
Èmi ní sàtífíkéètì Flash nílé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì nígbà yẹn, owó gidi ni mo fi ṣe é. Adobe, iléeṣẹ́ tó ni Flash, pa á tì ní ìparí 2020, ìwé ṣì wà nínú fáìlì, iṣẹ́ ẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ tó bá wá bá mi ṣiṣẹ́, fóònù Android kékeré ni mo fi ń ṣí iṣẹ́ wọn, mo sì máa ń gbé e jáde sínú oòrùn. Tí àwòrán kan ṣoṣo bá tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin, ẹni tó wà ní Bùnú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fà, á ti pa á dé kó tó ṣí, dátà ẹ̀ á sì ti lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ eérú kọ sórí funfun ńkọ́? WCAG, ìyẹn ìlànà tó wà kí gbogbo èèyàn lè lo wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ní ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré sí ẹ̀yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1, mo ti rí oníwèé tó ka nọ́ńbà yẹn fún mi láìwòwé, tí iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ṣeé kà.

Ọ̀gá iléèwé, Egbe:
Ẹ má bínú sí wa o. Èmi ò mọ kóòdù. Ẹni tó ṣe tiwa fi orúkọ ara ẹ̀ ra dómèènì, ìyẹn àdírẹ́sì sáìtì, ọdún kan pé, kò san owó ẹ̀, sáìtì wọlẹ̀, mo ń pè é, kò gbé e. Kí ni kí n fi dá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe mọ̀? Ìwé nìkan ni mo lè kà.

Isanlu_Kóòdù:
Mà, ìwé ò lè dí ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ ní kó fi orúkọ iléèwé ra dómèènì, kẹ́ ẹ sì pe ẹni méjì tó ti ṣiṣẹ́ fún, ẹ bi wọ́n bóyá sáìtì wọn ṣì ń ṣí.

Ọmọ Kabba:
Ẹ ṣé gan-an mà, inú ti ń bí mi sí wọn látọjọ́ yẹn, mi ò rò ó pé ẹ̀rù ló lè máa bà wọ́n. Sáìtì hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì ń ṣí, orúkọ wọn ló sì wà lórí dómèènì. Àwọn kan tún ń wá ẹni ní Ìyàrá, mo máa lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé, màá ní kí wọ́n pe ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì lójú mi.