Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n gbé ọmọ mi láti Kubwa lọ wo 3SC n'Íbàdàn bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Adamásingbà (Kubwa):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú ẹ̀, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Abuja, ó ti lé lọ́dún méjìlá báyìí. 3SC, ìyẹn Shooting Stars Ìbàdàn, ni tíìmù bọ́ọ̀lù mi, mi ò ní òmíràn. Bàbá mi ló fà mí wọ inú ẹ̀. Ní 1992, ọmọ ọdún 11 ni mí, àṣekágbá CAF Cup, ìdíje àwọn tíìmù Áfíríkà, wá sí Ìbàdàn, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje yẹn, orúkọ MKO Abíọ́lá ni wọ́n sì fi pe kọ́ọ̀pù ẹ̀. A ti lọ gbá òmì 0-0 pẹ̀lú SC Villa ti Uganda ní Kampala, ó wá ku tilé. Èrò pọ̀ débi pé mi ò rí góòlù àkọ́kọ́ rárá, ẹ̀yìn ọkùnrin gíga kan ni mo wà, aṣọ ẹ̀ nìkan ni mò ń wò, ni bàbá mi bá gbé mi lé èjìká, ọmọ ọdún 11 o, mo ti wúwo, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí ẹ̀ mú, òógùn ń ṣàn lọ́rùn ẹ̀, báyẹn ni mo ṣe rí góòlù méjì tó kù. 3-0. Ọrùn ń dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, kò sì bá mi wí.

Bàbá mi ti lọ. Ọmọkùnrin mi ti wá pé 11 báyìí. Abuja ni wọ́n bí i sí, Arsenal ló ń ṣe, ó mọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn jẹ́sì gbogbo wọn láti orí aṣọ́lé dé orí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mi ò sì bínú sí ìyẹn, ọmọ Yorùbá kúkú ni Saka. Àmọ́ ní sáà tó parí yìí, mò ń gbọ́ eré 3SC lórí fóònù, mo pariwo góòlù, ọmọ yìí wò mí, ó ní "Daddy, ṣé tíìmù ilé ìwé yín ni?" Ó dùn mí wọra. Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ronú pé eré àkọ́kọ́ tá a bá gbá nílé ní sáà tuntun yìí, kí n gbé e lọ sí pápá Lekan Salami n'Íbàdàn kó lọ fi ojú ara ẹ̀ rí i. Mo ti ń tọ́jú owó sọ́tọ̀. Ìyá ẹ̀ ló fárí gá. Ó ní ọ̀nà Lokoja kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń gbé ọmọ gbà tìtorí bọ́ọ̀lù, pé ojú òjò la wà, pé ilé ìwé máa tó wọlé. Kò sì parọ́.

Ohun tí mo rò nípa sáà tó ń bọ̀ nìyí, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mò ń lá àlá. 1998 la gba líìgì kẹ́yìn títí di 2025, ọdún 27 gbáko. 2017 a já bọ́ kúrò ní líìgì àgbà, a wà nísàlẹ̀ títí di 2021 ká tó padà wọlé. Láti ìgbà yẹn, mo rí i pé ẹsẹ̀ wa ti ń múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù wá kù ni atamátàsé gidi kan tí kì í ta bọ́ọ̀lù sókè níwájú òpó, àti ọkàn láti gba póńtì níta. Nílé, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù, àmọ́ tá a bá ti wọ mọ́tò lọ síta, ó máa ń dà bíi pé òmì nìkan la bá lọ. Eré 38 ni líìgì yìí, 19 nínú ẹ̀ níta ni, ta ló fẹ́ fi tilé nìkan gba kọ́ọ̀pù? Ẹ tún wo Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, Ìkẹ́nnẹ́ ò tó àdúgbò kan n'Íbàdàn, àwọn ni wọ́n gba líìgì yìí ní 2025. Wọn ò lé kóòṣì wọn nígbà tí nǹkan le, Ogunmodede tó jẹ́ kóòṣì wọn nígbà náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n tọ́ fúnra wọn ni wọ́n sì ń tì síwájú. Tí tiwa náà bá lè fún ẹnì kan láyè kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ délẹ̀, tí wọn ò sì ta àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá ní àárín sáà, ìpò mẹ́ta òkè ò kọjá agbára wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ìbéèrè mi: ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ? Àti pé ṣé ó tọ́ kéèyàn fa ọmọ wọ inú tíìmù tí òun fúnra ẹ̀ ò yàn?

Ìyá Ìbejì (Lugbe):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Ìyàwó yín kì í ṣe ọ̀tá bọ́ọ̀lù, ọmọ ló ń dáàbò bò. Ọkọ tèmi ń wọ mọ́tò alẹ́ lọ sí Ìbàdàn déédéé, gbogbo alẹ́ tó bá wà lọ́nà, mi ò kì í sùn, mo máa ń pè é ní Lokoja, mo máa pè é ní Ọ̀kènè, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, àyà mi á máa já títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Obìnrin tó mọ bó ṣe ń rí kò ní fi ọmọ ọdún 11 lé e. Ṣé ẹ ò ní lọ ilé lóṣù Kejìlá ni? Ẹ jọ lọ tẹbítẹbí, lójú ọ̀sán, wọ́n á ṣáà gbá eré kan nílé kẹ́ ẹ tó padà. Eré àkọ́kọ́ kọ́ ló ṣe pàtàkì, kí ọmọ yẹn jókòó tì yín ló ṣe pàtàkì.

Ọmọ Adamásingbà (Kubwa):

Ẹ ṣé ìyá wa. Ọ̀rọ̀ fóònù Lokoja yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni tèmi náà ń ṣe. Àmọ́ oṣù Kejìlá jìnnà lójú mi.

Tísà (Lafia):

Tó bá jìnnà, ẹ má lọ síbi tí 3SC wà, ẹ jẹ́ kí 3SC wá bá yín. Kí lẹ fẹ́ máa rìn títí dé Ìbàdàn fún nígbà tí Nasarawa United wà níbí? Gbogbo tíìmù inú líìgì ló ń dé Lafia lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí ètò eré bá ti jáde, ẹ wo ọjọ́ tó bọ́ sí, ẹ kúrò ní Kubwa láàárọ̀ kùtù, ẹ gba Nyanya kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé Mararaba, Keffi, Akwanga, ẹ ti débí kí oòrùn tó mú.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé aago mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ eré, kó tó parí kí èrò tó tú, aago mẹ́fà ti kọjá. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sùn, ẹ gbéra láàárọ̀. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Lafia, ẹ ò ní wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn tì. Mo lọ wo 3SC níbí rí, a ò ju bí ogún lọ tá a wá torí wọn, apá kan la jókòó sí, nígbà tẹ́nì kan ké "Up Shooting!" tí àwọn tó kù gbè é, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ dúró, ó yíjú wò wá, ó rẹ́rìn-ín. N'Íbàdàn ẹ ò lè rí irú ìyẹn, èrò á ti pọ̀ jù.

Alfa (Minna):

Èyí tí Tísà sọ yìí, a lè sọ ọ́ nípa Minna náà, Niger Tornadoes ń bẹ, àmọ́ mi ò ní tàn yín, ọ̀nà Suleja sí Minna lásìkò òjò, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò, ẹ máa bọ̀. Ẹ kàn rí i pé ẹ wádìí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbá a kẹ́ ẹ tó gbéra, torí wọ́n máa ń gbé eré kúrò ní pápá kan lọ sí òmíràn nígbà tí èèyàn ò retí.

Bàbá Sabon Gari (Kano):

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Mo ti wo bọ́ọ̀lù 3SC láti ìgbà tí wọ́n ń pè é ní IICC. 1976 tá a gba kọ́ọ̀pù Áfíríkà lọ́wọ́ Tonnerre ti Yaoundé, àwa la kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, 4-1 nílé, wọ́n na wa 1-0 lọ́dọ̀ wọn, kò lè mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà la gba líìgì. Odegbami, Muda Lawal, Best Ogedegbe lẹ́nu òpó. Ernest Okonkwo ló máa ń sọ ọ́ lórí rédíò, òun ló sọ Odegbami ní Mathematical, téèyàn bá ń gbọ́ ọ á dà bíi pé ó wà nínú pápá.

Mo tún wà láyé nígbà tí Zamalek ti Íjíbítì bà wá nínú jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní àṣekágbá Áfíríkà. 1984, wọ́n na wa nílé na wa lóko. 1996 ló dùn mí jù, a nà wọ́n 2-1 nílé, wọ́n dá 2-1 yẹn padà fún wa ní Cairo, pẹnáritì ló gbé e lọ, 5-4. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹ má mú ọmọdé lọ sí eré ìta tí tíìmù méjèèjì ń wá póńtì lójú méjèèjì. Ẹ lọ níbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí ara ò tíì gbóná. Bó bá di ìparí tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń sá fún jíjá bọ́, mẹ́rin ló kúkú ń já, ojú gbogbo èèyàn á ti pọ́n. Ẹ má wọ jẹ́sì 3SC wọlé ní ìlú onílùú, ẹ kó o sínú báàgì. Ẹ jókòó nítòsí ibi táwọn àgbàlagbà wà. Níbí ní Kano, mo ti wo eré Kano Pillars pẹ̀lú wa, Kano fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti gba líìgì, mẹ́ta nínú ẹ̀ léraléra, 2012, 2013, 2014, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo wọn ẹ máa mọ̀ pé ilé wọn lẹ wà. Èmi ò bẹ̀rù wọn, ọ̀rẹ́ mi ni púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ ọmọdé lè bẹ̀rù.

Ti sáà tuntun yìí, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ atamátàsé tẹ́ ẹ sọ. Ṣùgbọ́n àárín pápá ló ń ká mi lára jù. Ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù kó sì mọ ibi tó máa gbé e sí, bíi Muda, a ò ní in.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ (Gwarinpa):

Ẹ kú àtìlẹ́yìn tíìmù yín o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ yìn wá, àmọ́ ẹ ò tíì sọ gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe kóòṣì nìkan. Sùúrù àwọn èrò ìwòran wà nínú ẹ̀. A ti já bọ́ rí, 2017 yẹn kan náà la jọ já bọ́, kò sẹ́ni tó lọ ju òkò. N'Íbàdàn, tẹ́ ẹ bá pàdánù eré méjì nílé, gbogbo ìlú ló máa di kóòṣì. Ẹ gbà fún wọn kí wọ́n mí.

Lórí ọmọ, mi ò rò pé ẹ lè fipá ṣe é. Ẹ mú un lọ, kẹ́ ẹ má sọ fún un pé tíìmù ẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kó wò ó fúnra ẹ̀. Bàbá tiyín náà ò sọ fún yín, èjìká ló gbé yín lé.

Ọmọ Adamásingbà (Kubwa):

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rọ̀ èjìká yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ Kaduna (Kakuri):

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ Yekini, kò sẹ́ni tó dá a! Ẹ sọ pé ọmọ yín ò mọ 3SC torí pé òkè ọya lẹ bí i sí. Níbo ni wọ́n bí Rashidi Yekini, atamátàsé Super Eagles ìjelòó, sí? Kaduna níbí ni. Ọmọ Ìrá ní Kwara ni àwọn òbí ẹ̀, àmọ́ Kaduna ló ti dàgbà, tíìmù UNTL, ti iléeṣẹ́ aṣọ, níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó lọ sí 3SC. Láti ibẹ̀ ló ti di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, góòlù 37 fún Super Eagles, kò sẹ́ni tó jẹ jù ú lọ nígbà ayé ẹ̀. Kó tó di pé ẹ sanwó mọ́tò, ẹ gbé fóònù, ẹ fi góòlù tó jẹ ní Amẹ́ríkà ní 1994 han ọmọ yẹn, ti Bulgaria, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú World Cup, bó ṣe wọ inú àwọ̀n, tó na ọwọ́ jáde láàárín ihò àwọ̀n, tó ń sunkún tó ń pariwo. Ẹ wá sọ fún un pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè ọya bíi tìẹ nìyẹn, 3SC ló gbá fún.

Ìyá Ìbejì (Lugbe):

Omi bọ́ lójú mi níbi ọwọ́ inú àwọ̀n yẹn. Kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Adamásingbà (Kubwa):

Àmín.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo bá ìyá wọn jókòó lálẹ́ àná, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sétí ẹ̀, ó gbà fún Lafia, tó bá jẹ́ pé a máa sùn, àti pé òun náà máa bá wa lọ. Ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn tẹ́lẹ̀, pé ó lè fẹ́ lọ. Ìbàdàn di oṣù Kejìlá. Tísà, mo máa kàn sí yín tí ètò eré bá ti jáde.

Láàárọ̀ yìí mo fi Yekini han ọmọ mi. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn gbé fóònù fún un. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún wò ó, ó tún wò ó. Ó ní kí ló dé tó ń sunkún nígbà tó jẹ góòlù. Mo ṣàlàyé ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó gbá fún tíìmù yín yẹn? Nọ́ńbà wo ló ń wọ̀ níbẹ̀?"

Bàbá Sabon Gari, ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá rántí, ẹ tètè sọ fún mi kó tó dé láti ilé kéwú.