Okòwò ààbò íntánẹ́ẹ̀tì fún sẹminá: ọ̀nà owó wa kò yé olùkọ́

Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ máa ṣàyẹ̀wò ààbò wẹ́ẹ̀bù fún iléeṣẹ́ kéékèèké. Báwo lowó yóò ṣe máa wọlé déédéé?

Èsì 1: Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kì í mówó wá lóṣooṣù. Ẹ sọ ọ́ di àsansílẹ̀: kí ẹ̀rọ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ènìyàn sì tún àbájáde rẹ̀ yẹ̀ wò, torí ZAP, ẹ̀rọ tó ń wá àléébù ààbò lórí wẹ́ẹ̀bù, a máa pe ohun tí kì í ṣe àléébù ní àléébù. Wákàtí ẹni yẹn gan-an ni ìnáwó yín. Òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Èsì 2: Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí oníbàárà buwọ́ lù o: àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wo lẹ ó yẹ̀ wò, ọjọ́ wo, ta lẹ ó pè bí sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́ẹ̀bù, bá dákú.

Èsì 3: Ẹ fi CVSS, òṣùwọ̀n bí àléébù ṣe léwu tó, to àléébù, 9.0 sí 10 ló léwu jù. Àmọ́ ẹ sọ ohun tí oníbàárà máa pàdánù, kì í ra nọ́ńbà.