Irin gbígbé tó lágbára, ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó gbà? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ará Láfẹ́ńwá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní jíìmù wa níbí l'Abẹ́òkúta. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n, wákàtí méjì péré ni ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ń fi tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́jọ, iná lọ nìyẹn. Àwọn kan ní wákàtí méjì ò tó ẹni tó bá fẹ́ lágbára lóòótọ́. Àwọn míì ní ìṣẹ́jú 45 ni kéèyàn ti palẹ̀ mọ́, pé tó bá kọjá ibẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti rí?

Bọ̀dá Pansẹ́kẹ

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ó ń dùn mí gan-an, torí mo mọ ọmọ alágbára kan tí ìṣẹ́jú 45 yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba irin gbígbé jẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Àbúrò kan wà lọ́dọ̀ wa, káfíńtà ni, Àdìgbẹ̀ ló ń gbé. Ara rẹ̀ ki pọ́pọ́, ó sì ti ń fi 120 kílò ṣe squat, ìyẹn kéèyàn gbé irin léjìká kó lóṣòó kó tún dìde, kí ẹnì kan tó sọ fún un pé hòmóònù ọkùnrin, ìyẹn testosterone, máa ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45. Bó ṣe di pé fóònù ló ń pàṣẹ fún un nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sinmi ju ìṣẹ́jú kan lọ láàárín sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn iye ìgbà téèyàn gbé irin léraléra kó tó sinmi, sí èkejì. Mo dúró wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó lóṣòó lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó mọ́ roro. Nínú èkejì, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ̀n tó ń wọnú. Ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí ṣe, la bá bá a gba irin lọ́rùn. Ó yọ àwo irin, ó di 100. Ó tún yọ, ó di 90. Aago fóònù dún, ó palẹ̀ mọ́, inú ẹ̀ ń dùn pé òun ò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó torí ẹ̀ wá, kò ṣe é.

Mo ní kó gbé fóònù sínú báàgì. Tó bá ti gbé èyí tó wúwo, kó jókòó, kó mí kanlẹ̀, kó bu omi mu, títí ìṣẹ́jú mẹ́rin á fi pé lára aago ògiri. Kò rọrùn fún un. Ojú ń tì í, ó rò pé àwọn èèyàn á pe òun ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀tì márààrún ló fi 120 yẹn ṣe, kò dín kílò kan. Nígbà tó yá, irin tí ò sún tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún.

Ìdí ẹ̀ nìyí. Agbára tí iṣan fi ń gbé nǹkan tó wúwo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ara ohun kan tí wọ́n ń pè ní phosphocreatine ló ti ń rí i, kì í sì í pẹ́ tán. Láàárín nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, bí ìdajì rẹ̀ á ti padà, àmọ́ kó tó kún, ó ń lọ sí ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ní 2016, Brad Schoenfeld àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Ọkùnrin 21 tó ti mọ irin gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn kan ń sinmi ìṣẹ́jú 1, àwọn yòókù ìṣẹ́jú 3. Àwọn oníṣẹ́jú 3 ló lágbára jù nígbẹ̀yìn, iṣan iwájú itan wọn ló sì gbèrú jù.

Ti hòmóònù tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá yẹn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì McMaster ní Kánádà. Ní 2012, West àti Phillips ṣàyẹ̀wò ọ̀dọ́kùnrin 56 tó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12. Bí testosterone ṣe ń ga lẹ́yìn irin gbígbé ò bá bí iṣan wọn ṣe ń tóbi tan rárá.

Ó dà bíi pé Bulgaria ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 45 yìí ti ṣẹ̀ wá. Ivan Abadjiev, kóòṣì àwọn agbérin wọn, máa ń gé iṣẹ́ ọjọ́ kan sí wẹ́wẹ́, bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Naim Süleymanoğlu ti kọ́ṣẹ́ kó tó lọ gba góòlù fún Tọ́kì ní Òlíńpíìkì Seoul, 1988. Ibi tí wọn kì í sọ dé ni pé wọ́n á sinmi, wọ́n á tún padà sídìí irin, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ nìyẹn. Níbo ni káfíńtà Àdìgbẹ̀ ti fẹ́ rí irú àyè bẹ́ẹ̀?

Bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ìṣẹ́jú 60 sí 90 ni, títí kan mímú ara gbóná. Irin fúyẹ́fúyẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 10, squat sẹ́ẹ̀tì 5 tòun ti ìsinmi á gba bí 25, bench, ìyẹn kéèyàn dùbúlẹ̀ ti irin sókè láti àyà, bí 20. Àwọn iṣan kéékèèké ló ni ìyókù, ìsinmi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sì tó wọn.

Ìyá Ìbejì Ìtòkú

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àwa tí àyè wa kéré rò pé a ò ṣe nǹkan kan.

Àdìrẹ ni mò ń tà. Kí n tó kó ọjà wọlé, kí n tó dáná fáwọn ọmọ, ilẹ̀ ti ṣú. Ìṣẹ́jú 40 ni mo ń rí, mo sì ń lò ó tán. Mo máa ń so iṣẹ́ méjì pọ̀: mo á ti irin láti àyà, mo á fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, mo á fa òmíràn wá síkùn. Bí ẹ̀yìn ṣe ń ṣiṣẹ́, àyà ń sinmi. Squat nìkan ni mi ò so mọ́ ohunkóhun, ìsinmi tiẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Bí ọjọ́ bá lọ, iṣẹ́ apá ni mo ń fò. Ìdì àdìrẹ tí mo ń wá alábàárù fún tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń gbé e sínú ọkọ̀ fúnra mi báyìí.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rántí àwọn agbérin wa ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham, 2022. Adijat Olarinoye gbé 203 kílò lápapọ̀, góòlù. Rafiatu Lawal gbé 206, góòlù. Tí wọ́n bá pe èèyàn níbẹ̀, ìṣẹ́jú 1 ni aago ń fún un kí irin tó kúrò nílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun náà ló tún kàn láìsí ẹlòmíì láàárín, wọ́n á fún un ní 2. Òfin eré náà gan-an mọ ohun tí ìsinmi jẹ́.

Ọmọ Camp

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹni tá a jọ ń gbé, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, la jọ wà, wákàtí méjì àbọ̀ ló ń lò. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Sẹ́ẹ̀tì kan, fóònù. Sẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹni tó wà nídìí dumbbell, irin kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé. Ara rẹ̀ á tutù kó tó padà sórí bench, á tún wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí ti pọ̀, iṣẹ́ ò pọ̀.

Kóòṣì Kútọ̀

Mo fara mọ́ bọ̀dá Pansẹ́kẹ lórí ìsinmi. Tèmi ni pé ká tún wo ooru. Ní oṣù kẹta, nínú jíìmù onípáànù tí fáànù kan ṣoṣo wà, ìṣẹ́jú 60 lè tán èèyàn lókun ju ìṣẹ́jú 90 ìgbà ọyẹ́ lọ. Èyí tó wúwo jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé, nígbà tí ara ṣì yá.

Bí èèyàn ṣe ń gbé irin ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wà lórí deadlift, ìyẹn kéèyàn gbé irin nílẹ̀ kó nàró, ó kù sẹ́ẹ̀tì méjì fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀ kọdọrọ kí irin tó dé orúnkún, ó sì ń fi ọrùn wá agbára. Mo ní, "Gbé e sílẹ̀, ó parí fún òní." Ó ní, "Kóòṣì, ìṣẹ́jú 50 ṣì ni." Mo bá a tú àwo irin náà, a kó wọn padà síbi tí wọ́n ń wà.