Ta ló ti di káàdì Pokémon àkọ́tẹ̀ mú rí? Ẹ sọ tiyín

Ọmọ_Peckham: Ẹ kú ilé o. Èyí tó kún ìgboro báyìí kọ́ ni mò ń wí. Ti 1999 ni, Base Set (àkójọ àkọ́kọ́ tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì), èyí tí òǹtẹ̀ First Edition, ìyẹn àkọ́tẹ̀, wà lápá òsì lábẹ́ àwòrán. Ta ló ní, ta ló rí, ọwọ́ ta ló ti bọ́?

Àjàní_Leeds: Mo ní káàdì Machamp. Òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀ gbàgàdà. Èló ni kí n pè é?

Bàbá_Káàdì: Àjàní, má tíì lọ san owó mọ́tò o 😂 Machamp inú páálí àwọn olùbẹ̀rẹ̀, òǹtẹ̀ yẹn ò kúrò lára ẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára àwọn yòókù. Ó pọ̀ bí yanrìn. Wo etí ọ̀tún férémù àwòrán ná. Àkọ́tẹ̀ gan-an ò ní òjìji níbẹ̀; bí ó bá wà, owó búrẹ́dì ni.

Àjàní_Leeds: Òjìji wà.

Sùúrù_Lérè: Tèmi dùn mí títí dòní. Káàdì Charizard, 4/102 (ìkẹrin nínú méjìlélọ́gọ́rùn-ún), ó ń dán wìnrìnwìnrìn. Ìsọ́ òru ni màámi ti dé tí wọ́n ní pásítọ̀ sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni gbogbo Pokémon. Wọ́n tú ìwé tí mo ń to káàdì sí palẹ̀, wọ́n ń fa káàdì yọ nínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń da òróró sí i lórí, "ẹ jáde, ẹ jáde", kí wọ́n tó kó o sínú garawa lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rá ń yọ́, ó ń rùn. Wọ́n ní kí n ṣe àmín. Mo ṣe é.

Tóòkẹ́_E17: Yéè! Tiwa náà! Àbí pásítọ̀ kan náà ni?

Dèjì_gangan: Wọ́n sun tèmi pọ̀ mọ́ Game Boy 😭

Bàbá_Káàdì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ Sùúrù, ṣé ó dá ọ lójú pé First Edition ni? Èyí tó pọ̀ jù ní Bìrìtéènì ò ní òǹtẹ̀. Títẹ̀ ìkẹyìn tí wọ́n tà níbẹ̀, 1999-2000 ló wà ní ìlà kékeré ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Sùúrù_Lérè: Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ka ìlà kékeré níbi tí iná ti ń jó?

Ìyá_Ṣeun: Ẹ máa bú àwọn ìyá yín o. Ẹ ò sọ pé owó oúnjẹ ọ̀sán lẹ fi ń rà á. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gan-an fòfin dè é nígbà yẹn, torí ìjà. Ṣé pásítọ̀ ló ń darí ìyẹn náà?

Tóòkẹ́_E17: Màámi ti dé 🏃🏾‍♀️

Dèjì_gangan: Logan Paul, ará YouTube nì, gbé Charizard First Edition kọ́ ọrùn lọ bá Mayweather akànṣẹ́ jà ní 2021. Ká ní màámi wà létí ríìngì, òróró ni ì bá kọ́kọ́ bà á.

Surulere_Boy: Ẹnìkan tà ọ̀kan fún mi ní Ìkẹjà, ó búra. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ là á já gbooro. Ojúlówó ní ìpele dúdú láàárín.

Kọ́lá_Houston: Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ojúlówó náà kọjá díẹ̀ o. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ò tó.

Surulere_Boy: Díẹ̀ kọ́ lèyí. Mò ń rí ìka ọwọ́ mi.

Kọ́lá_Houston: Ó ti yé mi 😂

Ìyá_Ṣeun: Ṣeun ní kí n bi yín: ó ní Pikachu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pupa, kò ní òǹtẹ̀, kò sì ní òjìji.

Bàbá_Káàdì: Mọ̀ọ́mì, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ nù ún o! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa ló ṣáájú, wọ́n padà sọ ọ́ di yẹ́lò. Ẹ ya tojú tẹ̀yìn ẹ̀ wá, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn.

Ìyá_Ṣeun: Iná ti lọ. Ó di àárọ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa rà á ní owó búrẹ́dì lọ́wọ́ mi.