Ṣé kèké ni ká máa ṣẹ́ àbí ká máa dìbò lọ?

ỌmọLafẹ́nwá:
Ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 gbé ásáìmẹ̀ǹtì gọ́fúmẹ́ǹtì dé lánàá, wọ́n ní kó fi dẹmọ́kírésì àwọn Gíríìkì àtijọ́ wé tiwa, bá a ṣe ń kà á ni mo rí i pé ní Áténì kèké ni wọ́n fi ń yan èèyàn 500 sí ìgbìmọ̀ ìlú, ọdún kan péré ni wọ́n á lò, wọ́n á yàgò fún ẹlòmíì. Àwa ń dìbò, a ní aṣojú-ṣòfin 360 àti sẹ́nétọ̀ 109 l'Ábùjá, àmọ́ ẹni tí ò lówó, ẹ wo bó ṣe fẹ́ wọlé. Ó ká mi lára gan-an. Ṣé tiwọn kọ́ ló dáa jù?

TíṣàÌbarà:
Kèké yẹn jinlẹ̀ o. Tó bá jẹ́ ti àwọn tó máa dájọ́ ní kóòtù, òkúta ńlá kan wà tí wọ́n dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára ní ìlà-ìlà, kálukú á ki pátákó kékeré tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀ bọ ihò kan, wọ́n á wá da bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́, dúdú àti funfun, sínú ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí funfun bá jábọ́, gbogbo ìlà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tó bá jẹ́ dúdú, kí wọ́n máa lọlé. Ta lẹ fẹ́ fún lówó níbẹ̀? Àmọ́ ọ̀gágun mẹ́wàá tí wọ́n ní, ìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, wọ́n á nawọ́ sókè ni, Pericles, gbajúmọ̀ olóṣèlú wọn, náà wà lára wọn. Ogun ò ṣe é ṣẹ́ kèké lé.

ÌyáAládìrẹ:
Ẹ má bínú o, níbo lobìnrin wà nínú gbogbo ẹ̀? Obìnrin ò gbọdọ̀ dá sí i, ẹrú ò gbọdọ̀ dá sí i, àlejò tó ń gbébẹ̀ tó ń san owó orí pàápàá ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin Aké ní 1947 torí owó orí obìnrin, ó ní ilẹ̀ lásán làwọn sùn, gèlè làwọn ká sábẹ́ orí, títí Aláké Adémọ́lá fi gbé adé sílẹ̀ ní 1949. Tẹ́ ẹ bá máa ṣẹ́ kèké, kórúkọ tèmi náà wà níbẹ̀.

ỌmọÒwu:
Mà, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí rere. Ará Áténì náà máa ń lé alágbára jáde o, àpáàdì ni wọ́n fi ń ṣe é, kálukú á ha orúkọ ẹni tí ò fẹ́ sí i lára, tí àpáàdì bá ti pé 6,000, ẹni tórúkọ ẹ̀ pọ̀ jù á fìlú sílẹ̀ fún ọdún 10, ilé àti ilẹ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀. Wọ́n ṣe é fún Themistocles tó gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà! Tiwa náà wà nínú òfin, pé ká pe aṣòfin padà wálé, àmọ́ àwọn olùdìbò tó ju ìdajì lọ ládùúgbò ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, ibẹ̀ ló ti ń le.

ỌmọLafẹ́nwá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Aládìrẹ, ọmọ náà ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ màmá yín sí i, ti gèlè yẹn gan-an. Ṣé ẹ gbà mà? Àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ fi sílẹ̀.