Ojú ọmọ mi ti yẹ́lò, màmá ní ká dúró di ìkómọ

Ìyá Tuntun
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn. Sunday ni mo bí ọmọkùnrin, àná ni mo rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ń yẹ́lò, mo kọ́kọ́ rò pé iná yàrá ló ń tàn mí, ìgbà tí mo gbé e dé ojú fèrèsé láàárọ̀ yìí ló wá hàn pé ó ti dé àyà rẹ̀. Ó ń mu ọmú o, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti àkọ́kọ́, tó bá ti mu díẹ̀ ó ti sùn lọ nìyẹn, mo máa ń fọwọ́ ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó jí. Ìyá ọkọ mi tó wá bá mi wẹ ọmọ ní ibà pọ́njú lásán ni, gbogbo ọmọ àwọn ló ṣe, kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀ kí n sì máa fún un lómi gúlúkóòsì. Wọ́n tún ní Sunday tó ń bọ̀ ni ìkómọ, a ti pe èèyàn, a ti san owó kánópì, tí a bá gbé ọmọ lọ ọsibítù báyìí wọ́n á dá wa dúró síbẹ̀. Ọkọ mi wà ní Àbújá, ohun tí màmá bá sọ lòun náà ń sọ. Mi ò fẹ́ bá wọn jà rárá, wọ́n ń tọ́jú mi gan-an ni. Ṣé kí n dúró?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Àǹtí, ẹ má dúró de nǹkan kan, ẹ gbé e lọ báyìí. Ọmọ tó yẹ́lò tó ń mu ọmú dáadáa tó ń jí fúnra rẹ̀ gan-an, a ṣì máa ń ní kí wọ́n gbé e wá fún tẹ́ẹ̀sì, ká má tíì wá sọ èyí tí ọmú ò wù mọ́ tó ń sùn ṣáá. Lóòótọ́ ó wọ́pọ̀, nǹkan bíi 6 nínú ọmọ 10 ló máa ń yẹ́lò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ti ọ̀pọ̀ wọn á sì lọ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà torí kò sí ìyá àgbà tí kò tíì rí èyí tó lọ. Bílírúbínì ni wọ́n ń pe ohun tó ń yẹ́lò yẹn, ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá fọ́ lara ló ń yọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò sì tíì lágbára láti kó o dànù kíá, tó bá wá pọ̀ jù ó máa ń wọ ọpọlọ, èyí tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kò sí oògùn tó ń tún un ṣe. Ojú lásán ò lè sọ iye tó jẹ́, pàápàá lára ọmọ tó dúdú. Orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tí á máa sọ̀ kalẹ̀, tó bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti pọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń ké tín-ín-rín bí ẹni ń fọn fèrè, tó ń na ẹ̀yìn, tàbí tí gìrì mú un, ẹ máa sáré ni o.

Omi gúlúkóòsì yẹn ò ṣe nǹkan kan, àyè ọmú ló ń gbà. Ìgbẹ́ ni bílírúbínì ń bá jáde, ọmú ló sì ń jẹ́ kó yàgbẹ́, torí náà ẹ jí i, ẹ fún un, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ láàárín wákàtí 24.

Bàbá Ìsẹ́yìn
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ o. Àwa mẹ́jọ ni ìyá wa bí, òòrùn àárọ̀ ni wọ́n fi wò wá, kò sí ẹni tó kú nínú wa. Ọsibítù náà kò sì ní ṣe ju kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná lọ, kí wá ni ìyàtọ̀ iná àti òòrùn, àfi bílì?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Bàbá, ẹ ò purọ́, ara òòrùn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní 1956, ní ọsibítù Rochford ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Ward máa ń gbé àwọn ọmọ jáde sínú ọgbà, òun ló fi ọmọ kan han dókítà pé ibi tí òòrùn kàn lára rẹ̀ ti mọ́, ibi tí aṣọ bò ló ṣì yẹ́lò. Nígbà tó fi máa di 1958 Cremer àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe ẹ̀rọ iná. Ìmọ́lẹ̀ búlúù inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n tòòrùn ìta gbangba, ooru wà níbẹ̀, èyí tó ń jó awọ wà níbẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin wo lẹ fẹ́ bọ́ sí ìhòòhò fún wákàtí mẹ́fà? Tójò bá ṣú ńkọ́, tílẹ̀ bá ṣú ńkọ́? Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2015, wọ́n fi ọ̀rá kan tó ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán burúkú kúrò bo àgọ́, wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà nídìí wọn, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná tó, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ̀yìnkùlé màmá kọ́ nìyẹn sà.

Àbíkẹ́ Àgbà
Ìyá Tuntun, ẹ jẹ́ n bi yín, aṣọ tó wọ̀ yẹn, ṣé káńfọ̀ wà nínú àpótí tí ẹ ti yọ ọ́? Bọ́ọ̀lù funfun tí a fi ń lé aáyán yẹn ni mò ń sọ. Ẹ bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí, aṣọ tí àkọ́kọ́ lò ni wọ́n kó fún un, inú báàgì pẹ̀lú káńfọ̀ ló wà látìgbà yẹn. Ó yẹ́lò, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fún wọn ní ampiclox, wọ́n ń kán an sí i lẹ́nu wọ́n ń retí, nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù ó ti ń na ẹ̀yìn. Wọ́n pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru yẹn, ó yè. Ó ti gòkè báyìí, ó gbọ́n gan-an, tí ẹ bá kọjú sí i tí ẹ fọwọ́ júwe á yé e, á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn, kò dá rìn, apá rẹ̀ kàn máa ń lọ́ fúnra rẹ̀ ṣáá, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pọ̀n ọ́n. Àwọn kan ládùúgbò ní àjẹ́ ni. A ò dá wọn lóhùn.

Ará Láàbù
Àbíkẹ́ ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ G6PD ni, nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tí kì í jẹ́ kó tètè fọ́. Ẹni tí tiẹ̀ kéré lè dàgbà kó má mọ̀ láéláé, àfi tó bá pàdé ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, káńfọ̀ wà lára wọn, oògùn bíi primaquine àti dapsone náà. Nílẹ̀ Yorùbá ó tó nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún, ọkùnrin náà ló ń mú jù torí ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń gbà á. Ibà ló jẹ́ kó pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀, Luzzatto àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í tètè ráyè nínú ẹ̀jẹ̀ tí G6PD rẹ̀ kéré bíi ti èyí tó pé, ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ibà náà ló ń dààmú ọmọ tuntun.

Ẹ tún wo káàdì oyún yín. Tó bá jẹ́ O ni ẹ̀jẹ̀ yín, tí ti ọmọ jẹ́ A tàbí B, ìyẹn náà lè fà á. Tí wọ́n bá kọ negative sí ẹ̀gbẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ yín, bíi O negative, ẹ béèrè bóyá wọ́n gún yín ní anti-D, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara ìyá máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ ló yẹ kó ti wọlé. Ẹ mú káàdì yẹn dání lọ.

Ìyá Tuntun
Káńfọ̀ kún inú àpótí yẹn o! Aṣọ ọmọ àǹtí mi ni. A ti dé ọsibítù, wọ́n ti tẹ́ ọmọ mi sábẹ́ iná báyìí, dókítà ní ó ti súnmọ́ iye tí wọ́n fi ń pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì débẹ̀, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́. Màmá tẹ̀lé wa wá, wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ o, àwọn ló sì gbé fílásíìkì oúnjẹ dání. Iná yìí ò ní fọ́ ọ lójú?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Wọ́n á fi nǹkan bo ojú rẹ̀, ẹ rí i pé kò yọ̀ bò ó nímú. Tó bá fẹ́ mu ọmú ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ ṣí ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ tètè dá a padà. Tí wọ́n bá pa iná ẹ má tíì palẹ̀ mọ́, ó lè tún gòkè, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìwé tẹ́ẹ̀sì etí fún un.

Aṣọ tó wà nílé, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ò tó, ẹ fọ̀ ọ́ ẹ sá a títí òórùn yẹn á fi lọ pátápátá. Ẹ wá rọra sọ fún màmá, tí aṣọ òkè tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́mọ lọ́jọ́ ìkómọ bá jẹ́ ti inú àpótí, òun náà o.

Bàbá Ìsẹ́yìn
Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n má fòyà nítorí Sunday. Tọ́mọ bá wà ní ọsibítù wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ nílé láìsí i níbẹ̀, a ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kánópì nìkan ni kẹ́ ẹ bá onítọ̀hún sọ ọ́ kó sún un síwájú.